Wọ́n dá Berlusconi lẹ́bi, kí ló dé tí kò ṣẹ̀wọ̀n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ dá Berlusconi, ọlọ́tẹlifíṣọ̀n tó di olórí ìjọba Ítálì, lẹ́bi jìbìtì owó orí. Báwo lèèyàn ṣe ń fi fíìmù lu ìjọba ní jìbìtì? Kí ló sì dé tí kò sun ẹ̀wọ̀n? (Òǹkàwé, Sábó, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Nígbà tó jẹ́ pé Sábó lẹ ti kọ̀wé, ẹ jẹ́ ká fi obì ṣe é. Ká ní àgbẹ̀ fẹ́ ta àpò obì kan ní ₦100,000. Dípò kí ìsọ̀ yín rà á tààrà, ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, tó jẹ́ tiyín ṣùgbọ́n tí orúkọ yín ò hàn lára rẹ̀, ló rà á, tó wá tà á fún ìsọ̀ yín ní ₦250,000. Ẹ ta obì náà ní ₦300,000. Èrè yín gan-an, ₦200,000. Èyí tí ìwé yín fi han agbowó orí, ₦50,000. ₦150,000 ti jókòó sókè òkun. Obì ò kúrò ní Sábó o, rìsíìtì ló rìnrìn-àjò.

Ẹ̀tọ́ láti gbé fíìmù Amẹ́ríkà sáfẹ́fẹ́ ni obì ti Mediaset, ilé-iṣẹ́ Berlusconi. Ó ń ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, owó rẹ̀ sì ń gorí ara wọn. Ohun tó máa ń tú irú nǹkan báyìí ni pé ẹni tó kọ́kọ́ tajà ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iye wọn ò ní dọ́gba.

Ẹjọ́ náà pẹ́ débi pé àsìkò tí òfin fi sílẹ̀ láti dájọ́ ti kọjá lórí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn náà. Ti 2002 àti 2003 nìkan ló kù: nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.3 owó Yúrò ni owó orí tí wọn ò san.

Ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 2013. Òfin ìdáríjì tí wọ́n ṣe ní 2006, nítorí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n kún àkúnya, yọ 3 níbẹ̀. Ó ku 1. Ẹni ọdún 76 sì ni. Àwọn tó ti lé ní 70 kì í sábà wọ ẹ̀wọ̀n fún irú èyí lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ ìlú ló ṣe: wákàtí 4 lọ́sẹ̀, nílé ìtọ́jú kan ní Cesano Boscone lẹ́bàá Milan, láàárín àwọn arúgbó tí ọ̀pọ̀ wọn ò rántí nǹkan mọ́.

Lójú tiwa, ibi tó ti dùn ún ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, tí wọ́n lé e kúrò ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ilé ẹjọ́ Milan dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti du ipò padà ní 2018, wọ́n sì tún dìbò yàn án síbẹ̀ ní 2022. Nígbà tó kú ní oṣù kẹfà 2023, sẹ́nétọ̀ ni.