Kí ni kí n kọ́kọ́ yà lójú irin àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú irin àtijọ́ kan wà nítòsí mi, wọ́n sì ti ń hú u. Mo fẹ́ yà á sí fọ́tò kó tó pòórá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀wẹ̀, bí mo bá ya ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré, kì í hàn kedere.

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ tètè ronú kàn án. Ilé ibùdókọ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ yà, torí náà ó ṣeé ṣe kí àwòrán rẹ̀ ti wà níbìkan. Ní tèmi, ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ irin, níbi tó ti tín-ín-rín láàárín orí àti ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí lẹ́tà tó yọ síta: orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, bó ṣe wúwo tó, àti ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Lára ọ̀pọ̀ irin, ìlà kéékèèké ni wọ́n fi ń ka oṣù. Ìlà mẹ́ta dúró fún oṣù kẹta. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ wà, ẹ wo orí àwọn igi ìdábùú tó wà lábẹ́ irin. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀ máa ń kan ìṣó tó ní nọ́ńbà lórí mọ́ igi náà, kí wọ́n lè mọ iye ọdún tí igi tí wọ́n fi oògùn sí máa lò. Bí ẹ bá rí 24, ọdún 1924 nìyẹn. Ẹ má yọ ìṣó náà o. Ibi tó wà gan-an ni ìtàn rẹ̀ wà.

Oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí lẹ́tà wọ̀nyí hàn. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé tí òjìji sì ń wà lẹ́sẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí oòrùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku, ẹ má fi nǹkan ha á. Ẹ yà á súnmọ́, kí ẹ tún yà á láti òkèèrè kí àyíká rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì kọ déètì àti orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má gbàgbé àwọn èèyàn. Láàárín 1955 sí 1960, O. Winston Link, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, fi gílóòbù fìláàṣì ya àwọn ọkọ̀ elédùú tó kẹ́yìn ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Norfolk and Western lóru. Ó ya àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ìlú mọ́ ọn, ó sì gba ohùn ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ kan bá ṣì wà ládùúgbò yín, ẹ wá a lọ.

Ní ti ọkọ̀ tó ń sáré, bó bá ń kọjá níwájú yín, ẹ yí ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì ń pa dé (shutter speed) sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, 1/500 sábà máa ń tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sórí irin. Ọkọ̀ fẹ̀ ju irin lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré sì lè rìn ju kìlómítà kan lọ kó tó dúró. Bí orí irin bá ń dán, tí kò dógùn-ún, ọkọ̀ ṣì ń gba ibẹ̀. Kódà níbi tí gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó wọlé.