Ẹ Bi Ìyá Oníwòran: Tom Jones àti àwọn ìyá ńlá rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi gbé fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan sí i, Tom Jones. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀ kàn ń ti ọ̀dọ̀ obìnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn ni, àwọn mìíràn tó ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá bi í pé tó bá jẹ́ ọmọbìnrin ló ń tẹ̀lé àwọn bàbá kiri báyìí ńkọ́, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín? Kò fèsì. Kí lẹ̀yin rí sí i? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè. Ibi tó ń dun bàálé yín gan-an lẹ fọwọ́ kàn, kò lè fèsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀. Tom kì í ṣe ọmọdé. Nínú ìwé tí Henry Fielding kọ lọ́dún 1749, èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ó ti tó bí ọmọ ogún ọdún nígbà tí rògbòdìyàn yìí bẹ̀rẹ̀. Albert Finney tó ṣe é ti pé ọmọ ọdún 27 nígbà tí fíìmù jáde ní 1963. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ẹ kò ní bá mi nídìí ẹ̀rín kankan. Ìwà ìbàjẹ́ là bá pè é, ì báà jẹ́ obìnrin ni àgbàlagbà ibẹ̀.

Ó yá, ẹ wá bá mi wo Lady Bellaston dáadáa. Joan Greenwood ló ṣe é, pẹ̀lú ohùn kan tó ń fà bí oyin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ju Finney lọ. Tom dé Lọ́ńdọ̀nù, kò lówó, kò ní baba, ó ń wá Sophie, ọmọge tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ìyá ọlọ́lá yìí ló gbà á mọ́ra. Nínú ìwé, àádọ́ta pọ́n-ùn ló fi tẹ́ ẹ lọ́wọ́, owó ńlá nígbà yẹn, Tom sì tún yọ nínú rẹ̀ fún ìdílé kan tí ebi fẹ́ lù pa. Ọmọ yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn rẹ̀, owó ìyá ni. Tí ìyá bá ránṣẹ́ pè é, ó di dandan kó lọ. Ṣúgà mọ́mì tí à ń sọ yìí, kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ìwé náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Nightingale, gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ lẹ́tà sí ìyá náà pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó. Ìyá ka lẹ́tà, ojú rẹ̀ yí, ó lé e dànù! Ẹ ò ní mọ ìdí rẹ̀ tí ẹ kò bá mọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un: obìnrin tó bá ti relé ọkọ, owó ọwọ́ rẹ̀ di ti ọkọ. Ó di 1882 kí òfin tó jẹ́ kí ìyàwó ilé di ohun ìní tirẹ̀ mú. Obìnrin tó ń fi owó dárí ọkùnrin, ṣé yóò wá gbé àpò fún un? Ìyá yẹn gbọ́n ju gbogbo wọn lọ, lójú tèmi.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ẹ tún wo Molly, ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ ẹran igbó fún olówó abúlé. Òun náà ń fẹ́ ọkùnrin kiri bíi Tom, ó sì lóyún. Kí ni wọ́n ṣe fún un? Àwọn ará abúlé ya bò ó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ nǹkan lù ú. Tom tó jẹ̀bi bíi tirẹ̀ ló wá ń gbà á sílẹ̀! Ní ìparí, Tom gba Sophie, ó tún gba ogún. Molly ńkọ́? Nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi sọ fún bàálé yín pé kó dá fíìmù padà síbẹ̀ kó tún un wò. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn o, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn kì í pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní obìnrin tó bá Tom jẹun ní ilé ìtura, ìyá Tom ni. Ṣé òótọ́ ni, mà? – Akẹ́kọ̀ọ́, Peckham

Irọ́ ni, ọmọ mi, àmọ́ ìwọ nìkan kọ́ ni ẹ̀rù bà. Àwọn tó ṣe fíìmù fẹ́ kó o bẹ̀rù ni. Ìyáàfin Waters ni orúkọ obìnrin yẹn, òun sì ni Jenny Jones tí gbogbo abúlé gbà pé òun ló bí Tom. Ìyá rẹ̀ gangan ni Bridget, àbúrò Squire Allworthy, olówó abúlé tó tọ́ Tom dàgbà.

Ibi oúnjẹ yẹn, ní ilé ìtura Upton, ni kó o tún wò. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan, wọn kò fọwọ́ kan ara wọn. Ọbẹ̀, edé ńlá, adìyẹ, ọ́ísítà, èso píà: Joyce Redman, tó ṣe Ìyáàfin Waters, á gé jẹ, á wo Finney; Finney á fa itan adìyẹ ya, á wò ó padà. Nígbà tí wọ́n dórí èso píà, omi rẹ̀ ti ń ṣàn lẹ́nu wọn. Wọ́n yan Redman fún Oscar lórí iṣẹ́ yẹn, àti Edith Evans tó ṣe àǹtí Sophie, àti Diane Cilento tó ṣe Molly, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀ka kan náà. Kò sí èyí tó gbà á nínú wọn. Fíìmù fúnra rẹ̀ gba mẹ́rin.

Fíìmù Tom Jones tí mo rà kò tó iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? – Oníwòran, Abẹ́òkúta

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú. Lọ́dún 1989, Tony Richardson tó darí fíìmù náà gé ìṣẹ́jú méje kúrò nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ nǹkan bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú kan, èyí tó gé ló wà lọ́wọ́ yín. Tó bá kéré jùyẹn lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ gba owó yín.