Ṣé nanogel inú ìgò lè rọ́pò kimó màmá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn wa. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe màmá mi, wọ́n ti gba kimó ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú mẹ́fà, irun orí wọn ti re tán, ẹnu wọn sì bó débi pé ọbẹ̀ tí ò lata rárá gan-an ń ta wọ́n. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé òògùn olómi kan wá, ó ní nanogel ni, pé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ tààrà ló ń lọ, kì í fọwọ́ kan ibòmíì. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé nanogel wà lóòótọ́. Ṣé ká dá kimó dúró ká máa lo èyí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á bá wa wo màmá sàn. Kí n tètè sọ ọ́: ẹ má dá kimó dúró, ẹ má sì fún wọn ní nǹkan tó wà nínú ìgò yẹn. Nanogel wà lóòótọ́, ẹni yẹn ò purọ́ ibi tíyẹn dé, ibi tó kù ló ti ṣì yín lọ́nà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ya Pampers tuntun kan, ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà láàárín òwú ẹ̀ sínú ike (ẹ má jẹ́ kọ́mọdé fi bọnu o), kẹ́ ẹ bu omi sí i. Kíá ló máa wú, á dà bí ògì tó ti dì. Pọ́límà nìyẹn, fọ́nrán gígùn gígùn tó so kọ́ra bíi kànìnkànìn, omi wọnú ẹ̀ kò wá ráyè jáde mọ́. Ó yá, ẹ da iyọ̀ ṣíbí kan lé e lórí kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, gbogbo ohun tó gbé mì á máa dà padà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, iyọ̀ ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Nanogel ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síyẹn, wọ́n kàn sọ ọ́ di kékeré ni, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín nanomítà 20 sí 200 (mílíọ̀nù kan nanomítà ló wà nínú mìlímítà kan), bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo tó nǹkan bíi 7,000. Òògùn kimó ni wọ́n máa ń kó sínú ẹ̀, wọ́n á wá wá nǹkan tó máa ṣe iṣẹ́ iyọ̀ yẹn níbi tí jẹjẹrẹ wà. Àwọn kan ń lo ooru, àwọn kan ń lo glutathione, kẹ́míkà kan tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀, tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì, òun ló máa já okùn tí wọ́n fi so ó pọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni ásíìdì. pH ẹ̀jẹ̀ wa máa ń wà ní 7.4, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, àyíká kókó jẹjẹrẹ máa ń tó 6.5 sí 7, tí sẹ́ẹ̀lì bá wá gbé nanogel mì, àpò tó máa bọ́ sí nínú ibẹ̀ lè wálẹ̀ dé 5. Ibẹ̀ ló yẹ kó tú ẹrù ẹ̀ sí.

Kó tó débẹ̀ ni wàhálà. Kò ní ojú, kò mọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri. Lọ́dún 1986 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Matsumura àti Maeda, ní Japan ti sọ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ máa ń jò, pé irú nǹkan kékeré báyìí lè gba ibẹ̀ wọlé kó sì pẹ́ níbẹ̀, inú gbogbo ayé dùn. Àfìgbà tó di 2016 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Toronto, Kánádà, kó iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ, tí wọ́n rí i pé lára ẹranko tí wọ́n fi dánwò, tí wọ́n bá fún un ní 1,000 irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, bíi 7 péré ló sábà ń dé inú kókó náà. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbé púpọ̀ nínú ìyókù. Torí náà ọ̀rọ̀ pé kì í fọwọ́ kan ibòmíì yẹn, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ò jẹ́ sọ ọ́.

Èyí tó sún mọ́ ọn tí dókítà ń kọ fún èèyàn ni Doxil, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1995, ṣùgbọ́n kì í ṣe nanogel, ọ̀rá ni wọ́n fi wé òògùn kimó pupa kan tó ń jẹ́ doxorubicin. Ó rọ ọkàn lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ó máa ń bó èèyàn lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ọ̀wọ́n tún ni.

Ẹ wá wo ti ìgò yín. Mímu ni, àbí? pH inú ikùn máa ń wà ní bíi 1.5 sí 3.5, ó kan ju inú kókó jẹjẹrẹ èyíkéyìí lọ. Tó bá jẹ́ nanogel tí ásíìdì ń ṣí ni lóòótọ́, inú ikùn màmá ló máa tú gbogbo ẹ̀ sí kó tó rí ọmú sójú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fi dánwò sí.

Ní ti ẹnu, kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n jìnnà sí èyíkéyìí tó ní ọtí nínú, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó di kimó ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, torí dókítà lè dín òògùn kù. Tí ara wọn bá gbóná dé 38, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ọsibítù ni. Ẹ gbé ìgò yẹn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, tí wọ́n bá sì ti mu lára ẹ̀, ẹ sọ ìgbà mélòó, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.