Páálí rélùwéè tí bàbá ilé kejì gbé fún ọmọ mi

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Leeds ni mò ń gbé. Bàbá òyìnbó kan wà ní ilé kejì wa, ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Lánàá ó kan ilẹ̀kùn wa, ó gbé páálí ńlá kan fún ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 8. Rélùwéè ìṣeré ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ Hornby Dublo sí i lára. Bàbá náà ní bàbá òun ló rà á fún òun ní Kérésìmesì ọdún 1955. Irin mẹ́ta ló wà lójú irin rẹ̀ dípò méjì, Duchess of Montrose sì ni orúkọ tó wà lára ẹ̀ńjìnnì. Dádì àwọn ọmọ ní ká tètè tà á, kó má di pàǹtí sí wa nílé. Ọmọ ò gbọ́, ó gbé e sùn. Èmi, iná ló ń bà mí lẹ́rù, torí wáyà rẹ̀ ti ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ tún bi mí pé irú rélùwéè wo lèmi àti dádì òun fi ṣeré nígbà tá a wà ní kékeré. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Kí lẹ rò pé ká ṣe?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti iná, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ má ki àpótí iná àtijọ́ tó bá a wá bọ ara ògiri rárá. Àpótí yẹn ló ń gba iná ilé, tó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 12 volt kó tó dé ojú irin, rọ́bà tó sì bo wáyà rẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ dá a padà sínú páálí, kẹ́ ẹ ra kọntiróólà tuntun tó ń gbé 12 volt DC jáde. Wáyà méjì ló máa ti ibẹ̀ wá, ẹ so ọ̀kan mọ́ irin àárín, kẹ́ ẹ so èkejì mọ́ irin ẹ̀gbẹ́. Ìdí tí irin fi jẹ́ mẹ́ta nìyẹn: ti àárín ń gbé iná lọ, ti ẹ̀gbẹ́ ń gbé e padà. Ọdún 1959 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Dublo onírin méjì. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ra ojú irin òde òní fún ọmọ, ẹ má gbé Duchess yẹn sórí rẹ̀, iná á kan ara wọn ni.

Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú irin, kẹ́ ẹ ta isopropyl alcohol (spírítì tí wọ́n fi ń nu nǹkan) díẹ̀ sí aṣọ náà. Ẹ má fi sáǹpépà ha á, ojú ibi tẹ́ ẹ bá ha ni ìdọ̀tí á máa dì sí. Ìkán òróró kan ṣoṣo lẹ́nu abẹ́rẹ́, èyí tí àwọn aránṣọ ń fi sí máṣíìnì, ti tó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òróró ìdáná kọ́ o, á dì bí àtè. Ọ̀dà àtijọ́ sì lè ní òjé nínú, kí ọmọ máa fọwọ́ tó bá ti ṣeré tán. Bí ẹ bá ní kékeré kan tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu, kó má sún mọ́ ọn.

Ti títà wàyí. Mo bọ̀wọ̀ fún dádì wọn, àmọ́ èmi ò ní tà á. Liverpool ni mò ń gbé, ìlú yìí ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ Meccano tó wà ní Binns Road kí wọ́n tó tì í pa ní 1979. Ọ̀pọ̀ yanturu ni wọ́n ṣe, kì í ṣe ohun tó máa kọ́lé fún èèyàn. Bó bá tiẹ̀ di pé ẹ máa tà á lọ́jọ́ kan, páálí tí kò ya àti ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tún kùn ni àwọn tó ń kó o jọ máa ń wá. Ẹ má kùn ún, ẹ má ju páálí nù.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ gbọ́. Duchess of Montrose gidi wà rí. Crewe ni wọ́n ti rọ ọ́ ní 1938, ọ̀kan lára ẹ̀ńjìnnì 38 tó jẹ́ irú kan náà. Ní 1962 wọ́n fà á kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gé e ta bí irin àlòkù. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nínú àwọn 38 yẹn, Montrose ò sí níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀ńjìnnì tí kò sí mọ́ ni ọmọ yín gbé sùn yẹn. Àmọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ kan, Duchess of Hamilton, wà ní National Railway Museum ní York, kò jìnnà sí yín rárá, wọn kì í sì í gbowó ìwọlé. Bí ara bàbá náà bá gbà á, ẹ mú òun àti ọmọ lọ. Àwọn ẹsẹ̀ ńlá tó wà láàárín rẹ̀ ga ju mítà méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró tì í.

Èmi náà ní Dublo onírin mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ni mo ti rí i, mo rà á fún ọmọ mi. Nígbà tá a kó ojú irin tán nínú páálí, a rí ìwé kan nísàlẹ̀. Ọmọdé kan ti fi pẹ́ńsù kọ àkókò tí ọkọ̀ máa gbéra síbẹ̀. Ilé ìdáná, agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Abẹ́ àtẹ̀gùn, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó kan yàrá màmá, kò kọ àkókò kankan sí i, ó kàn kọ ọ́ pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró. Mo ti ka ìwé yẹn láìmọye ìgbà. Ọmọ ta ni? Kí ló dé tí ọkọ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ màmá? Kò sẹ́ni tí mo lè bi. Ẹni tí ẹ̀yin lè bi ṣì wà ní ilé kejì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ní ti ìbéèrè ọmọ, ẹ rí nǹkan sọ o, àfi bí ẹ bá ti gbàgbé. Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ mi, ojú irin ti dé ìlú wa láti 1907, a sì máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti àgbàlá. Agolo sàdíìnì ni rélùwéè tiwa. A ó fi ìṣó lu ihò sí i níwájú àti lẹ́yìn, a ó fi okùn so mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀, ìdérí ìgò mínírà tá a ti fi òkúta tẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Agolo mílíìkì ni ẹ̀ńjìnnì. Ẹni tó dàgbà jù á máa fà á lọ, àwa tó kù á tò tẹ̀ lé e, fàkàfíkì-fàkàfì, fàkàfíkì-fàkàfì. Ẹ̀pà Kano la máa ń kó sínú agolo kejì, kì í dé Èkó tá a fi ń jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó ní ká ṣe é. Ọjọ́ Sátidé kan la fi ṣe é (ẹ fi téèpù bo etí agolo, ó ń gé ọwọ́). Ẹ̀gbẹ́ Dublo ló wà báyìí, bí màmá mi bá sì pè wá lórí fídíò láti ilé, ti agolo lọmọ yìí kọ́kọ́ máa ń gbé sókè fún wọn.

Ẹ pe bàbá náà wá mu tíì kí wọ́n tó kó o lọ. Ẹ tan fóònù yín kó máa gba ohùn rẹ̀, kí ọmọ sì tẹ́ ojú irin sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kó bi í pé yàrá wo ló máa ń tẹ́ ẹ sí, ta ni dẹ́rẹ́bà, ta ni èrò ọkọ̀, ṣé bàbá rẹ̀ náà máa ń kúnlẹ̀ bá a ṣe é. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ páálí. Ẹ dákun, ẹ bá mi bi í bóyá ọkọ̀ tirẹ̀ máa ń dúró ní yàrá màmá rẹ̀.