Ẹ Bi Wá: Kí Ló Ń Sọ Omi Mi Di Oyin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá wa. SPH ni mo fi ń ṣe àfarawé omi lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn kéèyàn gé omi sí hóró hóró, kí hóró kọ̀ọ̀kan máa wo àwọn tó yí i ká rìn. Ó ń ṣàn dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti mú un sáré kó lè dàrú kó máa pòyì, kíá ni gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí oyin. Mo ti gbé hóró dé mílíọ̀nù kan, pàbó. Ṣé ọ̀nà yìí ò dáa ni?

Ìdáhùn: Ó dáa o. Ìràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó hùmọ̀ ẹ̀, Lucy, àti Gingold pẹ̀lú Monaghan, ń bá fà á nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1977, omi kọ́ rárá. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo artificial viscosity inú púrógíráàmù yín, kíki àtọwọ́dá tí wọ́n fi síbẹ̀ kí hóró má bàa máa gba inú ara wọn kọjá. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ẹ ti gbé e ga jù, òun ló ń pa òyì yín, ìyẹn ibi tómi ti ń yí po. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i tí hóró ń ta kiri bí àgbàdo tó ń yan, ẹ dá a padà sókè díẹ̀.

Ti mílíọ̀nù kan yẹn ńkọ́, ó kéré jàre. Òyì ńlá ló ń bí kékeré, kékeré á tún bí èyí tó kéré jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kíki omi gangan á fi pa á, ohun tí Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé ní 1941 nìyẹn, tá a bá sì fi ṣírò, omi tí nọ́ńbà Reynolds ẹ̀ (ìyẹn bí eré omi ṣe lágbára ju kíki ẹ̀ lọ tó) jẹ́ 10,000 á fẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù kan hóró kẹ́ ẹ tó rí òyì tó kéré jù níbẹ̀. Òyì tó bá kéré ju àlàfo hóró méjì lọ ò ríbi dúró sí. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ gé àlàfo yẹn sí ìdajì, hóró á di ìlọ́po 8, ìṣísẹ̀ àkókò (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sún àkókò síwájú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) náà á kéré sí ìdajì, iṣẹ́ á wá di ìlọ́po 16. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fọ́múlà dípò àwọn òyì tójú ò rí, LES (large eddy simulation) ni wọ́n ń pè é.

Ẹ dán Taylor-Green wò ní 2D, ìyẹn àwọn òyì tó tò létòlétò tí wọ́n fi ń dán púrógíráàmù wò, fọ́múlà wà tó sọ bí agbára ẹ̀ ṣe yẹ kó máa lọ sílẹ̀. Bí tiyín bá yára kú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíki àtọwọ́dá ló jẹ ìyókù. (Ẹ má fi 2D mọ bí omi ṣe ń dàrú o, níbẹ̀ òyì kéékèèké ló ń para pọ̀ di ńlá.)

Tó bá dẹ̀ jẹ́ omi tó kún inú páìpù bámúbámú lẹ fẹ́ wò, tí kò ta síta, ẹ fi hóró sílẹ̀ kẹ́ ẹ lo gíríìdì, ìyẹn kẹ́ ẹ pín àyè sí àpótí kéékèèké tí kì í rìn, kómi máa gba inú wọn kọjá. Ibi tómi ti ń fọ́n káàkiri ni hóró ti mọ iṣẹ́ ẹ̀.