Táìlì Àtijọ́ Tó Lè Ní Asbestos Nínú

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, nǹkan bí ọdún 1962 ni wọ́n kọ́ ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, a bá táìlì pupa kéékèèké lábẹ́ rẹ̀, mélòó kan ti fọ́, ọ̀dà dúdú ni wọ́n sì fi lẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi fẹ́ háyà ẹ̀rọ tí yóò fi fá wọn kúrò, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ní asbestos lè wà nínú wọn. Kí ni kí a ṣe? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n má tíì háyà ẹ̀rọ kankan. Ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà sílé mọ asbestos sí òrùlé àti sílìn nìkan, bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì, wọ́n máa ń pò ó mọ́ táìlì ilẹ̀, àti mọ́ ọ̀dà tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ pàápàá, ọdún 1999 sì ni òfin tó fòpin sí lílo gbogbo irú rẹ̀. Bí táìlì yín bá jẹ́ íǹṣì 9 níbùú lóròó, ó yẹ ká fura sí i. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò tí UKAS, àjọ tó ń jẹ́rìí sí àwọn ilé àyẹ̀wò ní Bìrìtéènì, fọwọ́ sí yẹ̀ ẹ́ wò.

Táìlì tí kò fọ́ kì í sábà ṣeni níbi, nítorí rọ́bà rẹ̀ ti gbá fọ́nrán asbestos mọ́ra. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá fá a, tàbí tí wọ́n bá rún un ní gbígbẹ, ni fọ́nrán tíntìntín tí ojú kò rí yóò dà sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fà á símú lè gbé e sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọdún 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Àwọn ìbejì ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn jù, torí ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà níwájú ọmọdé tí àrùn náà yóò fi ráyè dàgbà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé, bí èyí tó pọ̀ jù bá ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ ilẹ̀ tuntun lé e lórí láì kan ìṣó mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè mọ̀.

Bí ó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ gba oníṣẹ́ tó kọ́ nípa asbestos. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wọ ìbòmú FFP3, irú tó ń sé eruku tíntìntín, àti aṣọ tí wọ́n ń lò dànù, yóò fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ rin ilẹ̀ náà, yóò ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ etí táìlì, yóò sì máa gbé e ní odindi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú báàgì. Kò ní fá ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù. Yóò bò ó mọ́lẹ̀ ni. Báàgì pupa tó ní àmì ìkìlọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọn a sì tún ki ìyẹn bọ inú báàgì funfun tí a lè rí inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ inú bíìnì ilé tàbí skip, àpótí irin ńlá tí wọ́n ń kó pàǹtí ìkọ́lé sí. Ẹ pe kánsù yín kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé tó fi hàn pé oníṣẹ́ náà kó o débẹ̀.

Ní ti àwọn tó ti fọ́ báyìí, ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí ẹ̀rọ húfà kàn wọ́n. Ẹ fi àkísà tútù rọra nù ún, ẹ di àkísà náà pọ̀ mọ́ àfọ́kù sínú báàgì méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ẹ fi ọ̀rá bo ibẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ ilé ìdáná títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé.