Owó ọkọ̀ ṣáájú ìrẹsì

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkọ̀lé, ẹ kú iṣẹ́ àánú. Ẹ ní ẹ̀yin obìnrin ìjọ fẹ́ máa ran ìdílé tí àrùn jẹjẹrẹ bá wọlé tọ̀ lọ́wọ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ kọ́kọ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni, àbí kẹ́ ẹ ra oúnjẹ. Owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá jọ.

Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú mú àbúrò mi, kì í ṣe ebi ló jẹ wá níyà. Ẹran tí wọ́n gé níbi kókó ọmú rẹ̀ fún àyẹ̀wò ni. Àwa náà ni wọ́n gbé ìgò rẹ̀ fún pé ká gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní ìlú mìíràn. Mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀, nínú ọ̀rá méjì, òórùn fọ́málínì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran náà bàjẹ́, ṣì ń ta gbogbo èrò nímú. A débẹ̀, ọ̀gbẹ́ni ojú fèrèsé ní orí ìdérí ni wọ́n kọ orúkọ sí, ara ìgò ló yẹ kó wà. Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni? Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. A tún padà sílé. Nígbà tí wọ́n wá gbà á tán, tá a bá lọ bèèrè èsì, "ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" di orin, kókó sì ń tóbi sí i. Torí náà, ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa bá wọn lọ: kó wo orúkọ lára ìgò, kí fọ́málínì bo ẹran náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kó má jẹ́ kí wọ́n fi omi lásán dípò.

Ètò ti kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, kò le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń gbà á. Kí wọ́n ṣáà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítòsí ilé kí wọ́n tó gbéra. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ilé ìwòsàn á dá wọn padà, owó ọkọ̀ ti wọgbó. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, lè lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ibi tí yóò sùn ni kẹ́ ẹ bá a wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni o! Àwọn kan gbé bánà wá sílé wa, wọ́n gbé páálí indomie lé àbúrò mi lọ́wọ́, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Kílẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́. Ìyá kan nídìí kànga ní kó má fọwọ́ kan korobá òun mọ́. Jẹjẹrẹ kì í ràn! Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ sì lé àwọn alágbo tó ní àwọn á yọ́ kókó.

Ìforúkọsílẹ̀ lè dúró. Ẹ kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i.